Ìràwọ̀ Karùn-ún

Ọjọ́ tí Teuira kọ́kọ́ rí Tuhiva, ó rò pé òkú ni. Ọkùnrin náà nà gbalaja sínú ọkọ̀ òbèlè kan lẹ́nu ibi tí òkun ti ń wọ inú ọ̀sà Fakanui. Ó dijú, kò sì mira. Teuira fi àjẹ̀ rẹ̀ gún un níhà.

"Bí o bá ti kú, sọ fún mi, kí n lè ránṣẹ́ sí ìyá rẹ."

"Ẹ̀yìn mi ni mo fi ń gbọ́rọ̀," ọkùnrin náà dáhùn láì lajú. "Ìgbì méjì ló ń kan ọkọ̀ mi. Èyí tó ti gúúsù wá ni àgbà. Èkejì kàn ń pariwo ni."

Teuira rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ tirẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ó mọ ọ̀pọ̀ atukọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn mọ ìgbì, ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tó fi ń ṣàwàdà. Ọkàn rẹ̀ fà sí i lójú ẹsẹ̀. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, wọ́n ti jọ jẹ ẹja, wọ́n ti jọ mu omi àgbọn. Ìgbà náà ló wá rántí béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

"Ọmọ Marukura ni mí, ará Rotovai."

Ẹja tó wà lẹ́nu Teuira korò.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Mahinui, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, fa ẹlẹ́dẹ̀ méjì lọ bá Marukura, àgbà atukọ̀, pé kó kọ́ òun ní orin ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń lọ sí erékùṣù Motukura. Ìràwọ̀ mẹ́jọ ló wà nínú orin náà. Bí ọ̀kan bá ti ga jù, atukọ̀ á kọjú sí èyí tó ń yọ tẹ̀ lé e. Àràárọ̀ ni Mahinui ń kọ ọ́ nígbà tí Teuira bá ń rin àgbọn, títí orin náà fi wọ àbúrò náà lórí. Mahinui wọkọ̀ lọ. Kò dé Motukura, kò sì padà. Marukura ní olódo ni, kò gba ẹ̀kọ́, gbogbo ayé sì gbà á gbọ́. Orúkọ Mahinui wá di èébú tí wọ́n ń bú ẹni tó bá ṣìnà.

Teuira kò gbà. Mahinui kì í gbàgbé nǹkan. Àwọn atukọ̀ Rotovai ni kì í fún àjèjì ní ojúlówó orin. Wọ́n á yí ìràwọ̀ kan padà, wọ́n á sì gba ẹlẹ́dẹ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí i?

Nígbà tí Tuhiva wá tọrọ rẹ̀ fún ìyàwó, ìyá Teuira ní kí wọ́n sọ ọ́ lókò lọ. Teuira ní kí ìyá òun fara balẹ̀. Ó rán an létí pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá ọkọ gbọ́dọ̀ kọ orin ìràwọ̀ ilé rẹ̀ fún ìyàwó lójú gbogbo ènìyàn, nítorí ìyàwó ti di ẹbí, orin náà sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi rìn.

"Bó bá kọ ojúlówó, gbogbo ayé á gbọ́ ohun tó ṣe fún ọmọ yín. Bó bá kọ ayédèrú, àwọn ọmọ ọmọ tiẹ̀ ni òkun máa gbé lọ. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ, ìyá mi."

"Ṣé o nífẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Marukura fẹ́ kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Rotovai, níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan yóò ti gbọ́ orin. Tuhiva kọ̀ jálẹ̀, ó ní Fakanui, ìlú ìyàwó, ni. Ó ya Teuira lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò béèrè ìdí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, etíkun kún. Teuira dé òdòdó sórí, ó jókòó sórí ẹní tuntun. Marukura bẹ̀rẹ̀ orin Motukura. Ó ka ìràwọ̀ kìn-ín-ní dé ìkẹrin, ó wá dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó.

"Ojú Ẹyẹ," ló pe ìkarùn-ún, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ìyàwó kì í dìde nídìí orin. Teuira dìde. Ó kọ orin Mahinui láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, Ẹja Pupa ló pè. Gbogbo apẹja tó wà níbẹ̀ ló mọ ibi tí Ẹja Pupa ti ń yọ, wọ́n sì mọ̀ pé ibẹ̀ jìnnà sí ibi tí Ojú Ẹyẹ ti ń yọ.

"Bàbá, ohun tí ẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," Teuira wí. "Ṣé òun ni olódo?"

Marukura ní bí àwọn baba òun ṣe ń ṣe fún àjèjì nìyẹn, òun rò pé ọmọ náà yóò ṣẹ́rí padà ni. Àwọn ènìyàn kẹ́yìn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gbà láti wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni atukọ̀ ńlá náà bá padà sílé, láàárín àwọn adìyẹ. Inú Teuira dùn dénú egungun.

Tuhiva ló ba adùn náà jẹ́.

"Mo mọ̀ pé nítorí ìràwọ̀ yẹn lo ṣe fẹ́ mi," ó wí. "Ìdí nìyí tí mo fi ní kó jẹ́ Fakanui. Ìyàwó mi, mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́ Mahinui lórin. Mo gbọ́ Ẹja Pupa, mo sì dákẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Teuira fi kó omi àti àgbọn jọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ju ẹní ọkọ rẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Wọ ọkọ̀. Orin Mahinui la máa tẹ̀ lé."

"Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, Teuira."

"Mo mọ̀. Òun ò mọ̀."

Tuhiva wọ ọkọ̀ náà. Teuira ló kọrin, òun ló tukọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, omi nìkan ló yí wọn ká. Teuira tú ìwọ̀ ẹja tí Mahinui gbẹ́ fún un kúrò lọ́rùn, ó jù ú sínú òkun, ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún. Tuhiva náà sunkún, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú. Ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run, omi mímu wọn sì ti dín kù. Láti ibẹ̀ dé ilé, kò sí orin ìràwọ̀ tó wà fún ọ̀nà náà.

"Ṣé o ti dárí jì mí, olólùfẹ́ mi?"

"Rárá," Teuira wí. "Dùbúlẹ̀. Gbé wa délé ná."

Tuhiva dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ ọkọ̀, ó dijú. Teuira di àjẹ̀ mú, ó ń dúró de ohun tí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ máa sọ.