Òrùka Inú Àpò Lẹ́tà

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi, ó sì ṣetí mi. Ọ̀sán gangan ni. N kò mutí, oorun ò sì kùn mí.

Iṣẹ́ mi ni dídi ẹrù ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nǹkan kékeré tó le ni wọ́n sábà máa ń kó wá bá mi: kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnnì, yẹtí. Àwọn mìíràn á kàn jù ú sínú àpò lẹ́tà, wọ́n á ní ó parí. Wọ́n ń tan ara wọn ni. Ẹ̀rọ tó ń tẹ òǹtẹ̀ á gbá nǹkan náà jáde gba ara ìwé bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Ohun tó bá ń mì ló ń sọnù. Òfin mi nìyẹn.

Ìyá àgbà kan wá lọ́jọ́ náà, ó wọ dúdú. Ó tú aṣọ ìnujú, ó gbé òrùka irin sórí káńtà. Ti ọkọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ni. Ó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo lókè òkun.

"Ọmọ mi, ṣé kò ní sọnù?"

"Kò ní sọnù, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo gé ihò tó bá òrùka náà mu sára páálí tó nípọn, mo tẹ̀ ẹ́ wọ inú rẹ̀. Mo lẹ téèpù mọ́ ọn níwájú lẹ́yìn, mo fi páálí mìíràn bò ó. Mo mì í létí. Kẹ́kẹ́ pa.

Ojú ìyá yí padà. "Jẹ́ kó máa dún díẹ̀."

"Háà! Bó bá ti ń dún, ó ti sọnù nìyẹn, mà."

Ló bá jókòó, ó sọ ọ́ fún mi. Bàbá àti ọmọ yìí jà kí ọmọ tó rìnrìn àjò. Baba ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé má bínú, ẹnu rẹ̀ kì í gbé e. Bí inú rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ ló ń lọ. Á fi òrùka yẹn kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ á jáde wá jẹun, ọ̀rọ̀ tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ikú dé kó tó kan ilẹ̀kùn.

"Ojoojúmọ́ ló ń bi mí lórí fóònù: 'Màámi, ṣé Bàámi dárí jì mí?' Kí ni kí n wí? Kò sọ fún mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Síbẹ̀, mo di àpò lẹ́tà náà pa.

Ìyá lọ. Iná náà lọ. Fáànù dúró, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó ku èmi àti ọ̀gbẹ́ni tó ń tẹ òǹtẹ̀, tí a ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

"Ìwọ lo kan tábìlì?"

"Búrẹ́dì ni mò ń jẹ. Ṣé búrẹ́dì ń dún ni?"

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Inú apẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ló ti ń wá. Mo mú àpò lẹ́tà ìyá. Mo mì í, kò mì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbagidi. Mo gbé e sétí. Kọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Orí mi wú. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ Ẹnu-Ò-Sinmi.

"Tú u," ó ní.

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn fún?"

Nígbà tí iná dé, Ẹnu-Ò-Sinmi fi ọwọ́ tẹ òǹtẹ̀ sí i, kò jẹ́ kó wọ inú ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n wá kó lẹ́tà lọ, ó ṣì ń dún.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá tó padà wá. Ẹ̀rín ló bá wọlé.

Ó ní ọmọ òun wà nínú yàrá nígbà tó gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lára ilẹ̀kùn. Ó ṣílẹ̀kùn, kò rí ẹnì kankan. Àpò lẹ́tà náà ló wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pín lẹ́tà kì í gòkè débẹ̀ láéláé, inú àpótí ìsàlẹ̀ ló ń jù ú sí. Ọmọ náà sunkún, ó sunkún, ó sì dìde, ó lọ se oúnjẹ. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó jẹun yó.

"Òrùka ńkọ́, mà?"

"Téèpù rẹ ò tú. Kò dún mọ́. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lọ́wọ́."

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo wá bi í pé, ta ló gbé e gun àtẹ̀gùn?

Ìyá ká aṣọ ìnujú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Àní, baba yẹn kórìíra àtẹ̀gùn. Orúnkún ń dùn ún."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi bù mí máṣọ.