Èémí Inú Abọ́ Bọ́tà

Inú àpótí kan ni abọ́ náà wà, inú àpótí mìíràn ni ìdérí rẹ̀ wà, odindi yàrá mẹ́ta ló sì wà láàrin wọn. Èyí ya Hulda Teagarden lẹ́nu. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ra ohun èlò tábìlì àtijọ́, tó ń tà wọ́n ní pálọ̀ ilé rẹ̀ létí odò Ohio, kò sì tíì rí ẹni tó ya abọ́ bọ́tà kúrò lára ìdérí rẹ̀ bí ẹni ya ajá tó ń jà.

Ilé àwọn Vossler ni wọ́n ti ń lu ẹrù ní gbàǹjo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ojúlówó gíláàsì ni abọ́ náà, irú èyí tí àwọn bàbá ìlú náà máa ń dà ní gbígbóná sínú irin tí wọ́n fi ń mọ abọ́, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ìràwọ̀ àti òdòdó ara irin lè yọ lára rẹ̀. Wilma Vossler, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tó ni ilé, fa Hulda lápá aṣọ.

"Ọmọ mi, tó o bá rà á, má dé e."

"Kí ló dé, Mà?"

"Ìyá mi ò jẹ́ kí wọ́n pàdé ni." Ó yíjú kúrò.

Hulda rẹ́rìn-ín sínú, ó sì rà á. Nígbà tó délé, ó fọ abọ́ náà, ó fi bọ́tà sí i, ó sì dé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú ìdérí ti ṣú bí fèrèsé ilé ìdáná tí ìkòkò ń hó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bọ́tà tutù, ilé pàápàá tutù. Bó ṣe ń wò ó, ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ìkùukùu náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìka tí kò kánjú. Láti inú lọ́hùn-ún ló ti ń kọ ọ́. ORPHA. Orpha kan ṣoṣo ló wà nílùú, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán, aago òkú dún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orpha jókòó sórí àga, ó tẹrí ba, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Hulda ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ó nu ìdérí náà gbẹ.

Lọ́jọ́ kẹta, CLEM ló kọ. Clem Haskett tó ń gbé mílíìkì káàkiri ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Hulda ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ni: "Ìyá Gíláàsì, ẹ ò tíì fọ́ síbẹ̀?" Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Hulda sáré lọ bá Wilma.

"Bàbá mi ló tẹ ìdérí yẹn," ni arúgbó náà sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bó ṣe fa ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń tẹ gíláàsì sílẹ̀ ló ṣubú lé e lórí, ó sì kú. Wọ́n ní èémí tó mí kẹ́yìn, inú gíláàsì gbígbóná ló wọ̀ sí. Àtìgbà náà ló ti ń wá ẹni tí yóò bá a mí."

"Ṣé kí n fọ́ ọ, Mà?"

"Kí gbogbo èémí tó wà níbẹ̀ lè lọ síbo? Má dán an wò. Yà wọ́n ni."

Nígbà tí Hulda délé, Melva àbúrò rẹ̀ ti wọlé, ó ti ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ ọ̀sán. Abọ́ bọ́tà wà láàrin tábìlì. Ìlà náà ti ń rìn: M. E. L.

Hulda fò mọ́ ọn. Ó já ìdérí náà gbà kúrò lórí abọ́, ó fi épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ nù ún, ó nù ún títí kò fi ku àmì kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí yín pé ṣá?" Melva bú sẹ́rìn-ín. "Gíláàsì tẹ́ ẹ ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn!"

Ara rẹ̀ le. Ó ń rẹ́rìn-ín. Hulda dì mọ́ ọn, ó sunkún ọpẹ́, ó sì gbé ìdérí náà lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù lókè.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó sìn ín jáde. Yìnyín bo ilẹ̀. Èémí Hulda ń yọ bí èéfín, ti ajá aládùúgbò náà ń yọ. Melva ń sọ̀rọ̀ fìlà tuntun rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, kò sí èéfín kankan tó ń jáde níbẹ̀.

"Melva, òtútù ò mú ọ ni?"

"Òtútù kẹ̀? Àtìgbà tẹ́ ẹ ti nu nǹkan yẹn ni n ò ti mọ òtútù mọ́."

Hulda gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu àbúrò rẹ̀. Atẹ́gùn kankan ò kàn án.

Ó padà sínú ilé, ó gun òkè, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdérí náà dá wà, kò sí abọ́ lábẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ funfun, ó mọ́, ó tún funfun, ó tún mọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí èémí ẹni tó ń sùn.

Ìró ẹsẹ̀ Melva ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ìdérí yẹn wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́ dáadáa."

Hulda fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdérí náà, pẹ̀lú èémí àbúrò rẹ̀ nínú rẹ̀, mọ́ àyà. Òógùn ti bo ọwọ́ rẹ̀, gíláàsì náà sì ti ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.