Omi Aró Kì í Ṣe Ẹ̀bùn

Ní Ìgàndò, bí ẹnì kan bá wọ kàḿpálà tó rẹwà kọjá, àwọn èèyàn kì í béèrè ibi tó ti rà á. Wọ́n á kàn ní, "Èyí ti dé ọ̀dọ̀ Ràbíátù." Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ràbíátù, ìyá Gàníyù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ aró, aró èlú ni wọ́n sì ń rẹ láyé ìyá náà. Nígbà tó dé Èkó ló kọ́ ti ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ kọ́sítíìkì pò. Kò sí aláṣọ tí kò mọ ìfọ́nnu rẹ̀: "Aṣọ tí mo bá rẹ, á gbó tán kó tó ṣá." Obìnrin náà mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó fọ́nnu.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá rẹ aṣọ tán nírọ̀lẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni èrò máa ń dé. Kì í ṣe oníbàárà o. Àwọn aládùúgbò ni, kálukú pẹ̀lú korobá lọ́wọ́.

"Ìyá Gàníyù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi aró díẹ̀ fún mi. Ejò fẹ́ẹ́ lé wa kúrò nílé."

Ìgàndò ìgbà yẹn, igbó ò tíì tán. Omi aró tí wọ́n ti lò kù, ibi tí wọ́n bá dà á sí, koríko ibẹ̀ á jóná, wọ́n ní ejò kì í sì í súnmọ́ ọn. Ràbíátù a máa bù ú fún gbogbo wọn, kì í gba kọ́bọ̀. Inú rẹ̀ a máa dùn pé omi tí òun fẹ́ẹ́ dà nù wúlò fún ẹlòmíràn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ó di gọ́tà.

Ẹni tó ń gbà á jù ni Àyìnkẹ́, ìyá Kẹ́mi, tí ilé wọn fara ti ilé Ràbíátù. Àyìnkẹ́ fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ńṣe ló máa ń da omi aró náà yí ẹnu kànga rẹ̀ ká, kí koríko má baà hù níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Àyìnkẹ́ gbé abọ́ ògì wọlé wá. Kò kí Ràbíátù. Ó kàn gbé abọ́ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá Gàníyù, ẹ wo nǹkan."

Ràbíátù wò ó. Ògì tó yẹ kó funfun báláú ti rí bí omi tí wọ́n fi fọ ewúro.

"Háà! Kí lẹ fi sí i?"

"Kí ni mo fi sí i kẹ̀? Omi kànga wa ni mo fi sẹ́ ẹ. Kẹ́mi náà ti ń họra láti ìjẹta, gbogbo apá ọmọ ti lé. Aró yín ti wọ kànga wa."

"Ẹ má fi tiyín kọ́ mi lọ́rùn o, jàre! Ṣé èmi ni mo ń dà á sẹ́nu kànga ni, àbí ẹ̀yin?"

Àyìnkẹ́ wo abọ́ ògì náà. Omi lé sí i lójú.

"Èmi ni mo dà á. Ṣùgbọ́n ta ló fún mi? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣé ẹ sọ fún mi?"

Ó gbé abọ́ ògì rẹ̀, ó jáde. Inú wá bí Ràbíátù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí wọlé-wọlé fi dé. Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus Olútáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìmọ́tótó àyíká. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó yẹ gọ́tà wò, ó yẹ ilẹ̀ tó ti jóná wò, ó bu omi kànga Àyìnkẹ́ sínú ìgò lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó padà wá, kò ní ìròyìn ayọ̀ lẹ́nu.

"Màmá, omi kànga yẹn kò ṣeé mu mọ́, kò ṣeé wẹ̀. Òfin ò fàyè gbà á kí ẹnikẹ́ni da omi aró sílẹ̀ tàbí sí gọ́tà. Tí oṣù tuntun bá fi lé, tí ẹ ò tíì ní ibi tí omi yín ń dúró sí, a ó ti ẹnu ọ̀nà yín pa."

Ràbíátù wo àwọn ìkòkò aró rẹ̀. Kí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà òun pa? Iṣẹ́ tí òun jogún lọ́wọ́ ìyá òun? Kí ni wọ́n fẹ́ kí òun máa ṣe, kí òun máa ta góòrò?

Ìdíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń rẹ aṣọ, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ kì í gbélẹ̀.

"Ràbí, fi wọ́n sílẹ̀ jàre! Tó o bá ń náwó sí gbogbo ìyẹn, aṣọ rẹ á wọ́n, oníbàárà á sá. Jẹ́ ká kó lọ sí ìkọjá Àgbàdo, lápá ìpínlẹ̀ Ògùn. Odò wà níbẹ̀, wọlé-wọlé kì í dé ibẹ̀. A dà á sódò, ó parí."

Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus kò bínú. Ó fara ti ògiri.

"Ẹ̀yin màmá, ṣé ẹ rántí ariwo ìlú Kókó nílẹ̀ wa níbí, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó ìdọ̀tí olóró láti ìlú òyìnbó wá dà sẹ́yìn ilé bàbá kan?"

"Ta ni kò rántí?" ni Ràbíátù dáhùn. "Ìwà ìkà gbáà ni."

"Kí ló dé tí wọn ò dà á sílé tiwọn? Òfin le lọ́dọ̀ wọn, ní tiwa, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n léèrè. Ohun tó bí gbogbo wa nínú nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin náà wá fẹ́ẹ́ kó tiyín lọ bá ará ìkọjá Àgbàdo ni?"

"Ìyẹn yàtọ̀, ọ̀gá!" Ìdíátù ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ràbíátù létí. Ṣùgbọ́n orí kunkun ò gbọ́ oògùn. Nígbà tó di Sátidé, ó bá Ìdíátù lọ wo ilẹ̀ náà.

Ilẹ̀ náà tẹ́jú, odò kékeré kan sì ń ṣàn létí rẹ̀. Ìdíátù ń fi ọwọ́ júwe, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìkòkò níbí, okùn aṣọ lọ́hùn-ún. Kí lo tún fẹ́?"

Oòrùn mú. Obìnrin kan tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú nísàlẹ̀ odò rí wọn. Kò mọ̀ wọ́n rí o, síbẹ̀ ó pè wọ́n sábẹ́ igi.

"Ẹ kú oòrùn o! Ẹ wá jókòó. Omi rèé, ẹ fi tu ọ̀fun."

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún Ràbíátù. Ràbíátù mu ún. Omi náà tutù, ó mọ́ gaara.

"Omi yìí mà dára o. Kànga yín ńkọ́, ó jìn?"

"Kànga kẹ̀? Odò tí ẹ ń wò yìí náà ni. Òun ni gbogbo wa ń mu. Ṣé ilé lẹ fẹ́ẹ́ kọ́ síbẹ̀ ni? Ẹ káàbọ̀ o. Inú wa dùn pé a máa ní aládùúgbò."

Ràbíátù di ife náà mú. Ògì Àyìnkẹ́ ló ń rí, apá Kẹ́mi tó lé ló ń rí. Obìnrin yìí fún òun lómi tó mọ́ láìmọ̀ òun rí, òun sì fẹ́ẹ́ wá fi kọ́sítíìkì san án fún un. Ojú tì í. Ojú tì í débi pé kò lè wo obìnrin náà mọ́.

"Ìdíátù, dìde, ká máa lọ."

"Ràbí, kí ló dé?"

"Mo ní ká máa lọ. Èmi ò ní di ọkọ̀ òkun Kókó fún àwọn ará ibí."

Ilé Àyìnkẹ́ ló kọ́kọ́ yà sí. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá Kẹ́mi, mo jẹ̀bi. Mo bu májèlé fún yín, mo ń pè é ní oore." Àyìnkẹ́ gbé e dìde, àwọn méjèèjì sì sunkún. Láti ọjọ́ kejì ni Ràbíátù ti ń lọ pọnmi ẹ̀rọ wá fún ilé Àyìnkẹ́ láràárọ̀. Ràbíátù tí gbogbo Ìgàndò ń wárí fún, òun fúnra rẹ̀ ló ń ru korobá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus. "Ọ̀gá, ẹ wá kọ́ mi bí n ó ṣe ṣe é."

"Ẹ ṣé, màmá. Ìgbà wo lẹ wọn kọ́sítíìkì yín kẹ́yìn?"

"Wọ̀n kẹ̀? Ojú ni mo fi ń wò ó."

"Èyí tó bá pọ̀ jù, aṣọ kì í lò ó. Omi ló ń gbé e jáde lọ sí kànga. Èyí tó bá kù lára aṣọ ń jẹ aṣọ náà."

"Ẹ gbẹ́nu yín kúrò níbẹ̀! Aṣọ mi kì í ṣá!"

"Kì í ṣá lóòótọ́, màmá. Ṣé kì í ya ni?"

 Ràbíátù rántí àwọn oníbàárà tó ń ṣàwàdà pé aṣọ rẹ̀ ń gbó tán kó tó ṣá lóòótọ́. Ó rọra bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin wọlé-wọlé yìí, ẹ ò níwà o. Ẹ máa kọ́ mi, mo ń gbọ́."

Nùrẹ́nì, ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ni. Ó gbẹ́ kòtò, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú lọ́nà tí omi ò fi lè jò, ó sì ṣe ìdérí fún un. Inú kòtò yẹn ni omi aró ń dúró sí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á silẹ̀, Ràbíátù á bu omi òkè rẹ̀ padà láti fi po aró mìíràn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá gbẹ, inú àpò ló ń kó o sí, ọkọ̀ ìjọba á sì wá gbé e lọ. Ó ń fi ṣíbí kan náà wọn kọ́sítíìkì, ó sì ń wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus padà wá, kò sẹ́ni tó ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa.

Ká má purọ́, aṣọ rẹ̀ wọ́n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà kan sì ya lọ síbòmíràn. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kọ́sítíìkì tó ń rà dín kù, owó aṣọ rọlẹ̀ padà. Aṣọ náà kò sì ya mọ́! Ni wọ́n bá ń padà wá ní kọ̀ọ̀kan, àwọn aláṣọ láti Ìdímù àti Ìpájà sì ń tẹ̀lé wọn. Wọlé-wọlé a tún máa kó aláró wá wo kòtò Ràbíátù, òun á máa rìn níwájú wọn bí olorì. Lọ́jọ́ kan, Ìdíátù náà wà láàárín wọn. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó ní kí Ràbí fún òun ní ìbọ̀wọ́.

Ẹ̀yin ará wa, òfin àyíká kò wá láti pa iṣẹ́ yín. Aláró, ọlọ́ṣẹ, oníbátìrì, ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má da omi olóró sílẹ̀, sí gọ́tà, tàbí sódò. Ẹ má bù ú fún aládùúgbò láti fi pa koríko tàbí lé ejò, pàápàá nítòsí kànga. Ẹ má fi ike kẹ́míkà pọnmi mímu. Ẹ má sì kó ìdọ̀tí yín sá lọ síbi tí ojú ìjọba kò tó, nítorí èèyàn wà níbẹ̀ tó ń mu omi. Bí ẹ kò bá mọ bí ẹ ó ṣe ṣe é, ẹ pe òṣìṣẹ́ àyíká kó tó di pé òun ló wá bá yín. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo irú omi tí ẹ ń dà.

Kànga Àyìnkẹ́ ńkọ́? Wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ léraléra, òjò rọ̀ sí i, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò sí i, títí Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus fi ní ó ti dára. Lọ́jọ́ kejì, Àyìnkẹ́ gbé abọ́ ògì wọ ilé Ràbíátù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kí i kó tó gbé e kalẹ̀. Ògì náà funfun báláú.

"Ìyá Gàníyù, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ mu níbẹ̀."

Ràbíátù mu ún tán pátápátá.