Ìgbànú Tí Kò Lórí

Góò, aṣọ àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa, kò ṣeé dá wọ̀, bí a bá fẹ́ kí ó gún régé. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò fà á sókè dé orúnkún. Ẹlòmíràn yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, yóò ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì po sẹ́yìn, yóò sì fi ìgbànú híhun dì í pinpin. Nítorí náà, nígbà tí mo jáde láti balùwẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́ Orílẹ̀-èdè wa, tí mo bá Thinley ọkọ mi tí ó ti wọṣọ tán, mo mọ̀ pé nǹkan kan kò bára mu.

"Ta ló bá ọ dì í?"

"Ìwọ kọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "O ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. O kàn ń fà mí bí ẹni ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ìbaaka."

Àwa méjì péré ni a ń gbé ilé náà ní Perth. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú. Mo yẹ ìṣẹ́po náà wò: ó mú bí ẹnu ọ̀bẹ, ó sì tẹ̀ sí òsì díẹ̀. Èmi kì í tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọkọ mi, tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ ní Trashigang nílẹ̀ wa, tí ó sì ń béèrè ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Thinley kò lọ. Ìwé ìgbélùú àwa méjèèjì wà lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ yìí. Bí ó bá jáde kí ìdáhùn tó dé, ìbéèrè wa di òfo. "Bàbá á dúró dè mí," ni ó máa ń wí.

Bóyá àwàdà ni. Bóyá èmi ni mo dì í, tí mo gbàgbé. Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀wò. Kò sí èyí tí ó dúró.

Ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ooru oṣù Kejìlá ti ń yan òrùlé. Òórùn ata àti wàràkàṣì gba gbogbo ilé. Ugyen, ọ̀rẹ́ wa, yí Thinley po.

"Háà! Ẹ wo ará ààfin! Àwa tí wọ́n dì bí àpò ìrẹsì ńkọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Thinley kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi létí: "Choki, jọ̀ọ́, tú u díẹ̀. Ó ń fún mi."

A wọ yàrá kékeré lẹ́yìn pèpéle. Mo wá orí ìgbànú náà. Mo fi ìka kan sàmì sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fi òmíràn tọ̀ ọ́ yíká ìbàdí rẹ̀. Mo padà bá ìka mi. Kò lórí, kò nídìí. Bẹ́ẹ̀ kò sí aṣọ híhun tí kò níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ ọwọ́ mi, ó tún fún sí i.

Fóònù mi dún. Àǹtí Zangmo ni, àbúrò bàbá Thinley.

"Choki, Thinley dà? Láti ìdájí ni bàbá yín ti ń na ọwọ́ méjèèjì, tó ń fa nǹkan tá ò rí. Ó ní òun ti gbá a mú níbàdí, òun ò ní jẹ́ kó bọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi! Ó tiẹ̀ jẹun. Bí ẹ bá wá báyìí, ẹ máa bá a láàyè."

Ètè Thinley ti ń dúdú. Ó ti rí àlùmágàjí kan lórí tábìlì. Ó tì í sí mi lọ́wọ́.

"Gé e."

"Thinley, ọwọ́ bàbá ni. Sọ fún wọn pé ò ń bọ̀. Wọ́n á dẹwọ́."

Ó wò mí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìwé wa ńkọ́?"

Mo gba àlùmágàjí náà.

Mo gé e. Kò dún bí aṣọ. Góò náà já bọ́ sílẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí a tú sílẹ̀. Níta, wọ́n ti gbé orin orílẹ̀-èdè.

Fóònù ṣì wà létí mi.

"Choki," ni Àǹtí Zangmo wí, jẹ́jẹ́, "ọwọ́ bàbá yín ti bọ́ sílẹ̀. Kí lẹ ṣe níbẹ̀ yẹn?"