Ọ̀dàlẹ̀ Méjì ní Tchaourou

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bámidélé. Láti ìgbà tí ìjọba tiwa-n-tiwa ti padà dé sí orílẹ̀-èdè Benin ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Tchaourou ti jẹ́ láti wá ibùgbé fún àwọn tí kò nílé: opó tí iná jó ilé rẹ̀, arúgbó tó ń sùn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe é. "Tonton Onílé", ìyẹn Bọ̀ọ̀dá Onílé, ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Ó gbà pé irú òun kò nílò ìrònúpìwàdà.

Àlúkò ni igbákejì rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan, ó wá bẹ̀ ẹ́.

"Bámidélé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń bọ̀ láti Sanson. Yàrá kan péré ni mo fẹ́ fún un. Ta ló máa mọ̀?"

Yàrá kan ṣoṣo ló kù, ti Màmá Àdùkẹ́ sì ni, opó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Bámidélé fọwọ́ sí ìwé fún ènìyàn Àlúkò. Nígbà tí màmá náà dé, ó ní, "Màmá, orúkọ yín ò sí nínú ìwé."

Irọ́ ni. Abẹ́ ìsọ̀ ọjà ni màmá wà títí òjò ọdún yẹn fi dá.

Kò pẹ́, àwọn ọ̀gá wá yẹ iṣẹ́ wò. Wọ́n rí i pé a fi yàrá àwọn aláìnílé fún ẹni tó nílé. Àlúkò dìde níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ wò ó, ọwọ́ Bámidélé ló wà nínú ìwé yìí. Mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́."

Wọ́n lé Bámidélé lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gba ilé ìjọba tó ń gbé, wọ́n fi Àlúkò sí ipò rẹ̀. Inú Bámidélé korò ju ewúro lọ. Ó pọ́n àdá, ó forí lé oko Àlúkò ní Goro.

Màmá Àdùkẹ́ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lójú ọ̀nà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Bámidélé ni, Màmá. Àlúkò dà mí! Ẹni tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan!"

"Ọmọ mi, mo mọ bó ṣe ń dunni. Ìwọ náà dà mí. Mo mọ̀ pé orúkọ mi wà nínú ìwé."

Bámidélé wo àdá ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́. Kì í ṣe pé kò dùn mí o. Jésù, ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tà, tó sì tọrọ ìdáríjì fún àwọn tó kàn án mọ́ igi, òun ló kọ́kọ́ dárí jì mí. Bá a sọ̀rọ̀."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Bámidélé. Ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. "Jésù, ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Ṣàánú mi."

Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sí ọ́fíìsì, ó sì jẹ́wọ́ irọ́ tó pa fún opó náà níwájú gbogbo wọn. Àlúkò fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n dá yàrá Màmá Àdùkẹ́ padà fún un.

Bámidélé kò rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà mọ́. Iṣẹ́ oko ló ń ṣe. Àlúkò kò tọrọ àforíjì títí dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ìbínú náà á tún jí. Bámidélé á kúnlẹ̀, á dárúkọ Àlúkò níwájú Ọlọ́run, títí ọkàn rẹ̀ á fi rọ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ló dà ọ́? O mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ta ni ìwọ náà ti dà? Iṣẹ́ rere rẹ kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí o fi pamọ́ nù. Jésù mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó ń pè ọ́. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la, nítorí ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Wólẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o sọ òótọ́ fún un lónìí.