Aago Sítóòfù Leah àti Oorun Bàbá Rewájú

Bí Bàbá Rewájú bá ti jẹun ọ̀sán tán, tí wọ́n na ara sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wọn ní Badagry, tí wọ́n ń hanrun, Leah, ìyàwó Zinsu tó múlé tì wọ́n, á ti búrẹ́dì àgbọn rẹ̀ sínú sítóòfù. Bí bàbá bá jí, tí wọ́n wúkọ́, búrẹ́dì ti jinná nìyẹn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá Leah ló fi sítóòfù oníná náà sílẹ̀ fún un kó tó kú, òun ló sì fi ń yan búrẹ́dì tó ń tà ní ọjà Agbalata. Nígbà tí aago tó máa ń pa á bàjẹ́, Zinsu ní kò tó ohun tí à ń pe oníṣẹ́ sí. Ó yọ wáyà méjì kúrò lára aago, ó so wọ́n pọ̀, ó fi ọ̀rá wé wọn. Sítóòfù gbóná lóòótọ́. Pípa ni kò lè pa ara rẹ̀ mọ́, ni Leah bá sọ oorun bàbá di aago.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ akàn wá fún Bàbá Rewájú. Bàbá jẹ àjẹyó, wọ́n sùn, wọn ò tètè jí. Leah wà lẹ́yìnkùlé, ó ń rin àgbọn, ó ń retí ikọ́.

Èéfín ló jí bàbá.

"Leah, ilé yín ń jó o!"

Zinsu gbé garawa omi. Túnmiṣe, àbúrò Leah tó ń kọ́ni níṣẹ́ iná mànàmáná ní Otto, tó wá kí wọn, di apá rẹ̀ mú.

"Bọ̀dá, ẹ má da omi sí i, iná máa gbé yín."

Ó pa súìṣì ńlá tó wà lára ògiri. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, búrẹ́dì ti di èédú, ọ̀rá ti yọ́ mọ́ wáyà. Leah bú sẹ́kún.

"Ohun tí màmá fi tọ́ wa ni wọ́n máa ní kí n jù nù yìí. Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ sùn pẹ́?"

"Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé aago ni mí."

"Kò sóhun tá a máa jù nù," Túnmiṣe wí. "Aago nìkan ló kú. Bí bíréèkì ṣe rí fún mọ́tò ló rí fún sítóòfù. Bọ̀dá yọ ọ́, ẹ wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó ń sùn. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀, irú rẹ̀ gan-an la máa wá, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Oníṣẹ́ iná ló máa fi í sí i, á sì pààrọ̀ wáyà tó jó. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má tàn án."

"Èmi ńkọ́?" Zinsu bi í.

"Ẹ̀yin á bá wọn gbé tọ́ọ̀ṣì dání."

Wọ́n rí aago, oníṣẹ́ sì ṣe é. Lọ́jọ́ tí Leah kọ́kọ́ tún yan búrẹ́dì, aago dún, sítóòfù pa ara rẹ̀, Bàbá Rewájú ta gìrì.

"Kí nìyẹn?"

"Aago ni, bàbá. Ẹ ti fẹ̀yìn tì."

"Kò burú. Owó ìfẹ̀yìntì mi dà?"

Leah gé búrẹ́dì gbígbóná fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì padà sùn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí aago sítóòfù yín bá bàjẹ́, ẹ yọ sítóòfù kúrò lára iná, kẹ́ ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má so wáyà pọ̀. Ẹ má tàn án kẹ́ ẹ lọ sẹ́yìnkùlé. Bó bá ń rú èéfín, ẹ pa iná ilé. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ kó ọmọ jáde, kẹ́ ẹ pe panápaná. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ má sì gbára lé oorun aládùúgbò. Ọbẹ̀ akàn lè wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.