Gáùn Ìlẹ̀kẹ̀ Madame de Brissel

"Kì í ṣe òun nìyí!"

Igbe Odile Vasseur ló dá iṣẹ́ dúró ní ilé gbàǹjo náà láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ gáùn tí gbajúmọ̀ olówó nì, Hortense de Brissel, ń wọ̀ lọ sóde àríyá káàkiri Paris nígbà ayé rẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ tà á. Odile wá dágbére fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ayédèrú ló bá.

Kọfí orí tábìlì ò tíì tutù tí Inspẹ́kítọ̀ Kerbrat fi dé. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó fi ìka méjì gbé gáùn náà sókè.

"Ẹ ò rí i bó ṣe fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ!" ni Odile wí. "Tèmi wúwo bí ọmọ ọdún kan!"

Lucien Aubertin, ọ̀gá ilé gbàǹjo, nawọ́ sí Solène, ọmọbìnrin tó ti ń tún etí gáùn náà ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta. "Ẹ mú un. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ ẹni tó pa á?"

Solène bú sẹ́kún. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Sátidé ni ìgbéyàwó mi!"

"Wàá ṣe é ní àtìmọ́lé."

"Ẹnu yín ò dáa o," ni Odile dá a lóhùn. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé."

Kerbrat yíjú sí Solène. "Báwo lo ṣe gbé e fún ọ̀gá ẹ?"

"Mo tẹ́ ẹ sínú àpótí gígùn, mo fi bébà fẹ́lẹ́ bò ó. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná ni mo gbé e lé ọ̀gá lọ́wọ́."

Aubertin rẹ́rìn-ín. "Irọ́! Orí ìkọ́ aṣọ ló gbé e wá. Mo gbé e kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, mo tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lápò mi. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dọ́wọ́ mi."

"Ẹ ò fura?"

"Rárá. Mo wò ó látọrùn dé etí ìsàlẹ̀, mo ṣe bí ojúlówó ni."

"Ọdún mélòó lẹ ti lò nídìí iṣẹ́ yìí?"

"Ọgbọ̀n."

"Màmá," ni Kerbrat bi Odile, "bẹ́ ẹ bá bá gáùn yín lórí ìkọ́ ńkọ́?"

"Màá gbá ẹni tó gbé e kọ́ létí! Ìwúwo ìlẹ̀kẹ̀ á fa èjìká rẹ̀ ya. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí mọ̀ pé títẹ́ là ń tẹ́ ẹ."

Kerbrat kọjú sí ọ̀gá ilé gbàǹjo.

"Ọ̀gbẹ́ni Aubertin," ni Kerbrat wí, "ká ní Solène tàn yín ni, ẹ̀ bá tẹ́ ayédèrú yẹn sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ jòjòló, torí ojúlówó lẹ máa pè é. Àmọ́ ẹ gbé e kọ́ bí ẹ̀wù òjò. Ẹni tó mọ̀ pé ayédèrú ni nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ti jẹ́wọ́ ṣáájú ẹnu yín. Àpótí gígùn bẹ́ẹ̀ ò ṣeé fi pamọ́ sápò: ẹ ṣí búùtù mọ́tò yín fún wa."

Aubertin fìdí lé àga. "Olówó kan ló bẹ̀ mí," ló ń kùn, "kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni du ú ní gbàǹjo..."

Inú búùtù ni wọ́n ti bá àpótí gígùn náà, bébà fẹ́lẹ́ ò yẹ̀ lórí gáùn. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Odile fọwọ́ pa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fa Aubertin létí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kerbrat ní òfin ò gbà.

Ìyá náà bá di Solène lọ́wọ́ mú. "Ta ló rán aṣọ ìyàwó ẹ?"

"Èmi náà ni, màmá."

"Sáré lọ gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí."

Solène rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé, ó sì sáré lọ.